Àtàǹpàkò Kan Lára Odi Lucca

Bàbá mi ní òun kò ní gun ilé ìṣọ́ kankan.
Ó ní ẹni tó fi ogójì ọdún gun àkàbà jẹun
kì í sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kó gòkè.
A fi í sílẹ̀ lórí àga òkúta,
òun àti fìlà rẹ̀, àti búrẹ́dì alájàrà gbígbẹ
tí Drusilla ti já ní etí.

Àwa yòókù gun àtẹ̀gùn. Nevio ń kà á,
ó ṣì í kà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ń bú ẹsẹ̀ ara rẹ̀.
Fosco ọkọ mi ń mí bí ewìrì.
Nígbà tí a yọrí sókè pátápátá: igi!
Igi gidi, tòun ti gbòǹgbò, tòun ti èèrà,
wọ́n dúró lórí ilé gogoro náà
bí ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò rántí láti sọ̀.
Nísàlẹ̀, òrùlé pupa ń gun òrùlé pupa,
odi àtijọ́ yí gbogbo rẹ̀ po bí ìgbànú.
Àga òkúta nìyẹn. Búrẹ́dì nìyẹn lórí rẹ̀.
Bàbá dà?

A kò mọ bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀.
A wá a dé gbàgede tó rí bí ẹyin,
níbi tí ilé ti hù lórí egungun ilé ìwòran àtijọ́.
A wọ ilé kọfí mẹ́ta. Fosco ń pariwo orúkọ rẹ̀,
Learco! Learco! bí ẹni pe ajá.
Ẹ̀yìn odi la ti wá bá a,
ó gbé etí lé ògiri, ó dijú.

“Ibí ni,” ó ní. “Àbí apá ọ̀hún.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí.
Oṣù méje la fi dí ihò ara odi yìí.
Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, sìmẹ́ńtì ṣì tutù,
mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.
Mo ní màá padà wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé.”
Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta rèé.

Mo mú ìwé ètò ọjọ́ náà lọ́wọ́:
ṣọ́ọ̀ṣì tí òpó rẹ̀ kò jọra,
ibojì ọ̀dọ́bìnrin tí ajá sùn sí lẹ́sẹ̀,
aago márùn-ún ni wọ́n ń tìlẹ̀kùn.
Mo wo aago. Mo wo bàbá mi.
Odi yẹn tó ìrìn wákàtí kan gbáko.

A sì ń fọwọ́ pa ògiri lọ bí afọ́jú.
Obìnrin kan tó ń fọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀
bi wá pé kí ló sọnù.
“Àtàǹpàkò,” ni Nevio wí.
Obìnrin náà ka ìka ọwọ́ gbogbo wa,
ó gbé korobá rẹ̀, ó wọlé.
Aláǹgbá yọrí láàrin bíríkì méjì.
Bàbá na ìka sí i: “Ìwọ tí o mọ gbogbo ibi tí ògiri ti lanu,
o wá dákẹ́ sí mi!”

Òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé ó tó.
“Nónò! Òun nìyí!” Drusilla ti kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.
Ihò kan ni, kò ga ju orúnkún rẹ̀ lọ.
Bàbá bẹ̀rẹ̀, eegun rẹ̀ dún pà.
Ó ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́.
Mo rí i: ihò náà gba méjì irú rẹ̀,
bóyá ìṣó ni wọ́n yọ níbẹ̀, bóyá òjò ló gbẹ́ ẹ.
Kò wo ojú mi.
“Òun ni,” ó ní. “Àtàǹpàkò mi ló rù.”
Drusilla ti tirẹ̀ bọ̀ ọ́, Nevio náà tì í,
wọ́n ń jà lórí ẹni tó kàn.

A bá ṣọ́ọ̀ṣì ní títì.
Nínú ọkọ̀, Fosco béèrè ohun tí a máa sọ
fún àwọn ará ilé pé a rí.
Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Bàbá ti sùn,
ìka kan ṣoṣo ló dúró ṣánṣán lórí itan rẹ̀,
funfun, kò jẹ́ kó kan aṣọ.